Ìgbéyàwó Dọ́là 30

Eyín ló lé mi wọnú ìgbéyàwó. Kí ẹnikẹ́ni má tíì bú mi o: mo fẹ́ràn ọmọbìnrin náà, ó ti pẹ́ tí a ti ń bá ara wa bọ̀, tẹbí-tará sì ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí eyín ń dùn mọ́jú, tí oníṣègùn eyín ti dárúkọ owó tó máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì ní inṣọ́ránsì kankan, ìfẹ́ tirẹ̀ máa ń yá ju ti ẹlòmíràn lọ. Nọ́ọ̀sì ni àfẹ́sọ́nà mi. Ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ máa ń fi ọkọ òṣìṣẹ́ sínú inṣọ́ránsì wọn. Ọkọ ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ àfẹ́sọ́nà.

Ìgbéyàwó gidi, èyí tí a fẹ́ ṣe n'Íbàdàn, owó gbọ̀ngàn àti owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń dá a dúró. Ni mo bá ní kí a kọ́kọ́ ṣe ti òfin níhìn-ín, kí a rọra ṣe é, láìlulù, láìfọn fèrè. Apá àríwá Florida ni mo ń gbé, wọ́n sì ti sọ fún mi nílé onígbàjámọ̀ pé nótárì lásán lè so tọkọtaya pọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Òótọ́ ni. Florida àti South Carolina wà lára ìwọ̀nba ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó fún àwọn nótárì ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Nótárì Florida kì í sì í ṣe èèyàn tó ṣòro rí. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó gba ẹ̀kọ́ wákàtí 3, tó sì fi bọ́ńdì dọ́là 7,500 dúró, gómìnà á fún un ní àṣẹ ọdún 4. Wọ́n wà ní báńkì, wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó. Òǹtẹ̀ kan ò gbọdọ̀ ju dọ́là 10 lọ, ìgbéyàwó ò sì gbọdọ̀ ju dọ́là 30. Owó tí mo san fún ẹran ẹ̀kìrí ní ìsinmi Ọjọ́ Òmìnira jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo pe Màámi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Nótárì kẹ̀? Ṣé lọ́yà tó ń lu òǹtẹ̀ ni yóò so yín pọ̀?"

Ẹ má dá Màámi lẹ́bi. Ní Nàìjíríà, lọ́yà ni nótárì, Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè ló ń yàn án, bó sì ti wù kí òǹtẹ̀ rẹ̀ tóbi tó, kò lè fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Kóòtù ni Màámi àti Bàámi lọ nígbà tiwọn. "Ọjọ́ 21 gbáko ni wọ́n fi lẹ orúkọ wa mọ́ ara ògiri, kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ wá rò ó. Ta ló máa bá ẹ lẹ tìẹ?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Amẹ́ríkà ò lẹ nǹkan kan mọ́ ògiri, pé kí wọ́n tó se àmàlà tán, mo ti di ọkọ.

Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni mo mú àfẹ́sọ́nà mi lọ bá Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ nótárì, tòun ti aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ọkùnrin ará Òṣogbo kan ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ẹrù. A bá a níbi tó ti ń fi téèpù di ẹnu dúrọ́ọ̀mù kan tí wọ́n kọ "Agége" sí lára. Ó nu ọwọ́, ó mú òǹtẹ̀ jáde, ó ní, "Ìwé dà?"

Mo yọ páálí ìrìnnà mi.

"Kì í ṣe èyí. Ìwé àṣẹ ìgbéyàwó."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ fún wa?"

Ẹ̀gbọ́n ò dá mi lóhùn. Àfẹ́sọ́nà mi ló kọjú sí, ó sì wò ó pẹ́ títí, bí ẹni tó ń bi í léèrè pé ṣé èyí náà ló rí mú. Ó wá ṣàlàyé fún un, fún òun nìkan o, pé ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù ló ń fúnni níwèé àṣẹ, pé bí òun bá so ẹnikẹ́ni pọ̀ láìrí ìwé yẹn, òun ti rú òfin nìyẹn. Ó padà sídìí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ní ọ́fíìsì akọ̀wé, àwa méjèèjì la gbọ́dọ̀ yọjú, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà Social Security. Obìnrin tó ń dá wa lóhùn ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, títí ó fi béèrè bóyá a ti ka ìwé ìtọ́nisọ́nà òfin ẹbí tí ìpínlẹ̀ náà ní kí gbogbo ẹni tó fẹ́ gbéyàwó kà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Àfẹ́sọ́nà mi ní, "Rárá." Ọ̀rọ̀ wa ta kora lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí a lọ jókòó kà á. Mo kà á, ẹ̀rù bà mí. Bí a ṣe ń pín dúkìá, bí a ṣe ń gbọ́ bùkátà ọmọ, ẹni tó máa sanwó fún ẹni tó bá kọ̀ sílẹ̀: gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ kí ènìyàn tó jẹ ìrẹsì ìyàwó.

Nígbà tí a padà dé ibi fèrèsé, obìnrin náà ní ẹni tó bá ń gbé ní Florida gbọ́dọ̀ dúró ọjọ́ 3 kí ìwé náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àlejò ni kì í dúró. Eyín mi ta jó. Ni mo bá ní àlejò ni mí, pé Georgia ni mo ti wá. Káàdì ìwakọ̀ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i sí mi, ó fi ìka lé orúkọ Florida tó wà lókè rẹ̀ gàdàgbà, ó sì ń wojú mi. Àfẹ́sọ́nà mi ti bojú wo ibòmíràn. Mo ní Georgia tí mo wí, ìrìn-àjò ni mo lọ níbẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣì wà, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wa pẹ̀lú sùúrù: tọkọtaya tó bá gba ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó, ó kéré tán wákàtí 4, kò ní í dúró, wọ́n á sì tún yọ dọ́là 25 kúrò nínú owó ìwé. Àfẹ́sọ́nà mi ní kí a gbà á. Èmi ni mo ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi? Ọmọ ogójì ọdún!" Kò bá mi jiyàn. Ó kàn san gbogbo owó náà pé, ó sì gba rìsíìtì.

Kí ọjọ́ tó pé, ọ̀rọ̀ ti dé etí Àǹtí. Àbúrò bàbá àfẹ́sọ́nà mi ni Àǹtí, gúúsù Georgia ni wọ́n ń gbé, kété téèyàn bá ti sọdá odò St. Marys. Wọ́n ní ìgbéyàwó jẹ́ẹ́jẹ́ ò ní kí a ṣe é bí olè, pé kí a wá ṣe é lẹ́yìnkùlé àwọn lọ́jọ́ Sátidé, àwọn á se jọ̀lọ́ọ̀fù. Nígbà tí mo gbọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù, mo fọwọ́ sí i. Mo fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n.

Ojú ọ̀nà I-95 la wà lọ́jọ́ Sátidé tí Ẹ̀gbọ́n pè.

"Àbúrò, àdírẹ́sì wo lo fi ránṣẹ́ yìí? Ṣé kì í ṣe Georgia nìyí?"

Mo ní òun ni, kò jìnnà.

"Agbára mi ò kọjá odò. Ìwé yín náà ò kọjá odò. Bí mo bá so yín pọ̀ lóde ibẹ̀, eré ìtàgé la ṣe."

Nótárì Florida, inú Florida nìkan ni òǹtẹ̀ rẹ̀ ti ń jẹ́. Georgia ò sì fún nótárì tirẹ̀ gan-an láṣẹ láti soni pọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n ibi tí a lè dúró sí. Ó ní ibikíbi tó bá ti jẹ́ Florida. Ibi tó sún mọ́ wa jù ni ilé ìkínikáàbọ̀ tí ìpínlẹ̀ náà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ I-95 ní Yulee fún àwọn tó ń ti Georgia bọ̀: àwòrán ilẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, omi ọsàn ọ̀fẹ́ náà wà. Mo pe Àǹtí. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí wọ́n sọ síhìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n kó kúlà, wọ́n kó èèyàn, wọ́n sọdá odò wá bá wa.

Èmi tí mo ní kò sí ariwo, mo wọ jín-ìn-sì. Àwọn èèyàn Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ àlùbọ́sà, gbogbo wọn, ọ̀kan náà. Ìgbà tí wọ́n rí i rán, mi ò mọ̀. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n bi ìyàwó pé, "Ọkọ dà?"

Abẹ́ igi kan la dúró sí, àwọn onítírélà ń kọjá lẹ́yìn wa. Màámi wà lórí WhatsApp, ẹnì kan gbé wọn dúró sókè. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Àǹtí ti lọ gba omi ọsàn wá fún gbogbo wa, ife sì wà lọ́wọ́ mi. Òfin ò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀: kí oníkálukú sáà ti gbà lójú ẹni tó ń so wọ́n pọ̀. Ẹ̀gbọ́n bi mí bóyá mo gba ọmọbìnrin yìí ní ìyàwó. Kí n tó la ẹnu, Màámi ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà láti Ìbàdàn. Wọ́n gbàdúrà fún ilé, fún ìbejì, wọ́n gbàdúrà fún físà àbúrò mi. Àwọn arìnrìn-àjò tó ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀ ń bá wa ṣe àmín. Nẹ́tíwọ̀kì já. Màámi tún pè, wọ́n béèrè pé, "Ṣé ó ti gbà?" Wọ́n ní kò tíì gbà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà látorí ilé.

Òùngbẹ gbẹ mí. Mo fi ife kan ẹnu. Omi ọsàn tútù náà wọ ihò eyín yẹn tààrà, ní déédéé ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n tún bi mí. "Mo gbà" tí mo wí, igbe ni. Mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, omi bọ́ lójú mi pòròpòrò. Ni àwọn obìnrin bá bú sẹ́kún. Wọ́n ní àwọn ò rí ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ tó báyìí rí. Fọ́tò yẹn ló wà lójú fóònù Àǹtí títí dòní, ìyàwó mi nìkan ló mọ ohun tó pa mí lẹ́kún.

Florida ò béèrè ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n àyè ẹlẹ́rìí wà lórí ìwé, Àǹtí sì buwọ́ lù ú gbàràgàdà. Ẹ̀gbọ́n gba dọ́là 30. Òfin ò sọ iye jọ̀lọ́ọ̀fù tó lè gbà, ó gba èyí tó wù ú.

Ẹni tó bá so ni pọ̀ ló gbọ́dọ̀ dá ìwé náà padà sí ọ́fíìsì akọ̀wé láàárín ọjọ́ 10. Èmi ni mo ní kí Ẹ̀gbọ́n má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mo máa bá a fi jíṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo tì í sínú àpótí ọkọ̀, Àǹtí sì gbé mọ́ínmọ́ín lé e. Ìgbà tí ọsibítù ìyàwó mi ní kí a mú ẹ̀rí ìgbéyàwó wá ni mo tó rántí. Epo ti gba ara òǹtẹ̀ kọjá. Ọjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, mo sáré dé ọ́fíìsì, ta ló sì wà ní fèrèsé? Obìnrin yẹn. Ó fi ìka méjì gbé ìwé náà ní etí, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Georgia." Ó gbà á wọlé ṣá.

Kí káàdì inṣọ́ránsì tó dé, owó ọwọ́ mi ni mo fi yọ eyín náà.

Màámi ò ka ohun tí a ṣe sí ìgbéyàwó. "Ìwé inṣọ́ránsì" ni wọ́n ń pè é lójú ẹbí. Wọ́n ti bá àwọn àna mi sọ̀rọ̀, oṣù Kejìlá ni ìdána n'Íbàdàn, lésì aláwọ̀ ewé ni aṣọ ẹbí. Ẹ̀yin tí ẹ máa bá wa débẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè sanwó aṣọ yín, torí orúkọ mi ni wọ́n fi gbà á láwìn.