Ẹ Wá Bá Wa Ṣí Ẹ̀rọ Omi

Bí ẹ bá dé ilé ìtura kan nílẹ̀ yìí, tí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ibẹ̀ ṣeé sùn, ẹ má wulẹ̀ yẹ bẹ́ẹ̀dì wò. Ògiri iwájú ni kí ẹ wò. Bí òkúta mábù tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣí ilé náà sí bá ti ń dán ju gíláàsì fèrèsé lọ, ẹ tètè béèrè ibòmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo sùn sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìbàràpá lẹ́nu àìpẹ́ yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. N kò sì ní sọ èwo nínú ìlú méjèèje ló wà, torí mo ṣì fẹ́ padà lọ jẹ àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ìlasa lọ́dọ̀ wọn. Àyíká ibẹ̀ dára débi pé ilé náà gan-an ló ba ojú ibẹ̀ jẹ́. Òkè olókùúta yí i ká, ewéko tutù yọ̀yọ̀, odò ń ṣàn nísàlẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn omi ní gbogbo òru. Kò sí bí ẹ ò ṣe ní gbọ́ ọ, nítorí kò sí fáànù tí yóò pariwo bò ó.

Yàrá ńlá ni wọ́n fún mi, irú èyí tí wọ́n ń fi pa mọ́ de kọmíṣọ́nnà. Káàpẹ́ẹ̀tì pupa ilẹ̀ rẹ̀ ti mọ bàtà gbogbo ìjọba láti ayé ológun títí di tòní. Tẹlifíṣọ̀n ìgbà kan rí, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gbọ̀ngbọ̀n, wà lórí tábìlì; wọ́n fi léèsì funfun bò ó, kò sì sí wáyà kankan nídìí rẹ̀. Ẹyẹ ti kọ́lé sínú ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì dára fún un, kì í sanwó ilé. Nínú ilé ìwẹ̀, báfù aláwọ̀ ewé kan wà tí géńdé méjì lè nà gbalaja sí. Ohun tó wà nínú báfù náà ni garawa méjì, ọ̀kan kún, èkejì ṣófo, àti ike ìbomi kan tí etí rẹ̀ ti ya. Mo wá sílípáàsì títí, mo rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ti ẹsẹ̀ òsì nìkan.

Ní Ìbàràpá o! Àgbègbè tí dókítà Patrick Nylander ti ka ìbejì láàárín 1972 sí 1982, tó sì rí i pé nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, nǹkan bí 45 sí 50 ìbejì ló wà nínú ìbímọ 1,000. Igbó-Ọrà tó ń pe ara rẹ̀ ní olú ìlú ìbejì lágbàáyé, tó ti ń ṣe ọdún ìbejì láti 2018, kò jìnnà síbẹ̀. Bàtà tèmi nìkan ni kò ní Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ọdún ìbejì bá ti dé, owó yàrá náà máa ń di ìlọ́po méjì, kí ẹ má baà sọ pé wọn kò bọ̀wọ̀ fún àṣà.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọmọbìnrin tó ń gbàlejò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ omi yàrá mi kò yọ."

"Ẹ má bínú, Dádì. Kò síná ni. Omi ò lè gòkè láìsí iná."

"Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?"

"A máa ń tàn án láago méje, tí àlejò bá ti pé márùn-ún."

"Mélòó la jẹ́ lónìí?"

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ẹ̀yin ni, sà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ọmọ náà lẹ́bi. Àwọn àgbà ló kọ́ ọ. Ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, ká dé dáàmù Ọ̀yán. Ààrẹ Shehu Shagari fúnra rẹ̀ ló wá ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1983. Adágún ibẹ̀ fẹ̀ tó hẹ́kítà 4,000, ó sì dùn ún wò. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta síbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè pèsè mẹ́gáwáàtì 3. Nígbà tó fi máa di 2007, kò sí èyí tó tíì tan gílóòbù kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún 24 ni omi fi ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, bí ẹni tó ń yẹra fún àna tó jẹ ní gbèsè.

Omi náà kúkú níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ń lọ sí Èkó àti Abẹ́òkúta fún mímu. Nígbà òjò, bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn fún un, ó ń dé Ìṣẹri láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ó ń wọ pálọ̀ onílé. Ẹni tó bá wá rí adágún tó rẹwà bẹ́ẹ̀, tó ní òun fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ abúlé etí omi ibẹ̀. Ìgbín inú omi ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àwọn ọmọ yẹn ló sì ń tọ ẹ̀jẹ̀. Èyí kò sí lára ohun tí wọ́n kọ sára òkúta mábù.

Ṣé ohun tó ń pẹ́ lọ́wọ́ ni kò sí lọ́dọ̀ wa ni? Irọ́ ni. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe ètò ìlera ní Ìbàràpá, tí Igbó-Ọrà jẹ́ ibùdó rẹ̀. Ní Ìdèrè níbẹ̀, sòbìà a máa dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ tẹ́lẹ̀ lásìkò tí iṣẹ́ oko le jù. Aṣọ àsẹ́ wà lára ohun tó lé e lọ: wọ́n ń fi sẹ́ omi mímu lójoojúmọ́, wọ́n ń fọ̀ ọ́, àwọn ará ìlú tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ìlera sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wò ó bóyá ó ti ya. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Ta ló ṣí aṣọ àsẹ́ yẹn? Olóyè wo ló gé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀? Kò sí. Kò síbi tí wọn ó lẹ mábù mọ́ lára aṣọ.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà àtúnṣe wà: kò ní fọ́tò. Kò sí gómìnà tí yóò wọ agbádá wá dúró ti ẹni tó ń pààrọ̀ wáṣà ẹ̀rọ omi. Ìdí nìyí tí mo fi ní àbá kan fún ìjọba àti fún gbogbo onílé ìtura. Ẹ má tún nǹkan kan ṣe mọ́. Ẹ máa ṣí i lákọ̀tun. Ní Ọ̀yán, kí wọ́n ṣí ẹ̀rọ amúnáwá kan lọ́dún kìíní, ọ̀kan lọ́dún kejì, kí wọ́n fi ẹ̀kẹta pa mọ́ de ọdún ìdìbò. Ní ilé ìtura, yàrá kọ̀ọ̀kan ní ríbọ́ọ̀nù tirẹ̀, fáànù ní ti fáànù, sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún ní aṣọ ẹbí. Ẹ ó rí i pé owó yóò jáde.

Mo gbé àbá náà lọ bá mánéjà kí n tó kúrò. Inú rẹ̀ dùn gidi gan-an. Ó ní ẹ̀rọ omi yàrá tí mo sùn ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣí, òun yóò pe kábíyèsí, òun yóò pe káńsẹ́lọ̀, èmi ni kí n sì ṣe alága.

"Bí omi kò bá wá yọ lójú gbogbo ayé ńkọ́?"

"Háà, Dádì. Ọmọ kan á ti dúró lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú garawa."