Ta Ló Ń Ka Ìwé Ìròyìn?

Ọdún 1859 ni míṣọ́nnárì Henry Townsend gbé ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròyìn jáde l'Abẹ́òkúta. Kò ní yà mí lẹ́nu bó bá jẹ́ ọdún náà gan-an lẹnìkan ti kọ́kọ́ na ọrùn ka ti ẹlòmíràn.

Iye ẹ̀dà tí wọ́n tà kò ṣòro kà. Iye ojú tó kà á ni wàhálà. Ẹ dé ìdí tábìlì fẹ́ńdọ̀ láàárọ̀: àwọn ọkùnrin káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń ka àkọlé, wọ́n ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù àti ìjọba, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àpò. Ẹ̀dà kan tí wọ́n bá rà, ọ̀gá á kà á, mẹ́séńjà á kà á, ìyàwó ilé á yẹ ojú ewé àwọn olóògbé wò, ó di ọwọ́ alákàrà. Ẹni tó wá ka ìdajì ìròyìn tí òróró kò tíì bò ńkọ́? Ṣé òǹkàwé nìyẹn àbí oníbàárà?

Àwọn olùṣèwádìí a máa béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ kà lánàá?" Ta ni yóò ní òun ò ka ìkankan? Ẹ̀gbọ́n á dárúkọ márùn-ún, títí kan èyí tó ti kógbá sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí láti ẹ̀yìn ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ ṣí ojú ewé tó kàn.