Mọ́ínmọ́ín Ẹlẹ́mìí Méje, Ẹyin Dà?

Ìyá onímọ́ínmọ́ín kan wà ní òpópónà wa tí mo ti ń jẹ ní gbèsè láti ọjọ́ tí mo ti kó dé àdúgbò. Ẹlẹ́mìí méje ni wọ́n máa ń sè: ẹyin, ẹja, edé, ẹ̀dọ̀, kọ́ọ̀nbíìfù, àwọn méjì yòókù, ìyá nìkan ló mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tú ewé, mo fi ṣíbí wá ẹyin títí, mi ò rí i. Mo ní, "Ìyá, ẹyin dà?" Wọ́n ní, "Kọ́sítọ́mà mi, ẹyin ti wọ́n." Ó parí. Wọn ò sọ fún mi pé nítorí kí ayé má baà bàjẹ́ làwọn ṣe yọ ẹyin. Wọn ò pè é ní ìgboyà. Wọn ò sì gbé ẹyin sínú abọ́ mìíràn kí wọ́n ní kí n san owó ẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún wọn ju gbogbo àwọn tó ń ṣe fóònù àti géèmù lágbàáyé lọ.

Nítorí fóònù náà, mọ́ínmọ́ín ni. Nígbà tó kọ́kọ́ gbòde nílẹ̀ wa ní 2001, ẹ̀mí inú ẹ̀ pé. Síìmù nìkan nígbà náà lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà. Ẹni tó bá ní in ń rìn bí ẹni dé adé. Nokia 3310, tó jáde ní 2000, ni ọ̀gá wọn. Ẹ̀yìn ẹ̀ ń ṣí, bátìrì ẹ̀ ń yọ. Ejò inú géèmù ẹ̀ ń jẹun, ó ń gùn sí i, kò sì bèèrè dátà lọ́wọ́ ẹnì kankan. Bó bá jábọ́ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń pín sí: ẹ̀yìn lọ́tọ̀, bátìrì lọ́tọ̀, ara fóònù lọ́tọ̀. Ẹ ó ṣà wọ́n, ẹ ó tò wọ́n padà, ẹ ó tún pe ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó ti ń bínú pé ẹ já fóònù mọ́ òun létí.

Ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn dùn mí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Láyé ọjọ́un, bí fóònù bá dákú, a kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Èékánná àtàǹpàkò la fi ń ṣí ẹ̀yìn ẹ̀. A ó yọ bátìrì, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, a ó fi etí aṣọ nu irin wínníwínní tó wà lẹ́nu ẹ̀, a ó dá a padà. Bí kò bá há dáadáa, a ó ya bébà inú páálí sìgá, a ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, a ó fi há a. Fóònù á jí. Bí iná bá sì lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, bátìrì nìkan là ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀. Á kó o sẹ́nu ṣájà kan báyìí tó ní ọwọ́ méjì bí alákàn, tó ń ṣẹ́jú pupa, tó ń ṣẹ́jú búlúù. Fóònù fúnra ẹ̀ ṣì wà lápò wa, kò sí onígbàjámọ̀ tó máa bá wa ka àtẹ̀jíṣẹ́. Lónìí, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ inú fóònù pinpin. Bó bá ti rẹ bátìrì, wọ́n á ní fóònù ló darúgbó. Táyà ọkọ̀ yín jò, wọ́n ní kí ẹ lọ ra ọkọ̀ mìíràn.

Ẹ̀mí tó tẹ̀ lé e bọ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Ihò tí à ń ki okùn íàpíìsì bọ̀, ihò tó ti wà lára rédíò kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe fóònù, Apple dí i pa lára iPhone 7. Phil Schiller, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, dúró lórí pèpéle, ó ní ìgboyà ló fà á. Ìgboyà! Mo ti gbọ́ ìtàn ọdẹ tó kojú ẹkùn, mo ti gbọ́ ti jagunjagun tó dá wọ inú odi ọ̀tá. Mi ò tíì gbọ́ ti akọni tó dí ihò. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n fi AirPods hàn, 159 dọ́là. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó dí yín létí láàárọ̀ ló ń ta etí fún yín lọ́sàn-án. Etí náà kò sì lókùn. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí etí òsì tiẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀kadà ní Dùgbẹ̀. Etí ọ̀tún nìkan ló fi ń gbọ́ orin báyìí. Bí wọ́n bá ń lu gángan lápá òsì, òun ò sí níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n yọ ṣájà. iPhone 12 dé ní oṣù Kẹwàá 2020, páálí ẹ̀ tín-ín-rín bí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Wọ́n ní nítorí ilẹ̀ ayé ni, pé ṣájà ti pọ̀ jù nílé wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà tí wọ́n fi sínú páálí náà, orí ẹ̀ kò wọ ṣájà àtijọ́ tí wọ́n ní ó pọ̀ jù nílé wa! Ó di dandan kéèyàn ra tuntun, tuntun náà sì ń bọ̀ nínú páálí tiẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá tiẹ̀, nínú ọkọ̀ tiẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tún ilẹ̀ ayé ṣe.

Samsung rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n gbé àwòrán ṣájà sórí Facebook, wọ́n ní ó wà nínú páálí tiwọn. Kí ọdún tó parí, àwòrán náà ti pòórá. Nígbà tí Galaxy S21 jáde ní oṣù Kìíní 2021, kò sí ṣájà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe lórí ihò íàpíìsì: wọ́n fi Apple ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìpolówó, nígbà tó di 2019, wọ́n dí ti Note 10. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Ti Samsung yìí, ìyàwó fúnra ẹ̀ ló gun àjà lọ mú un sọ̀ kalẹ̀. (Ẹ má bínú, ó yẹ kí n sọ èyí náà: Tecno tí ẹ̀yin olówó ń yínmú sí, ẹ ṣí páálí ẹ̀, ẹ ó bá ṣájà níbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó bá páùṣì. Àwọn ará Ṣáínà tó ni ín, ọjà Áfíríkà ló sọ wọ́n di ọlọ́lá, wọ́n sì kọ́ kámẹ́rà wọn títí tó fi mọ àwọ̀ dúdú wa. Ẹyin ṣì wà nínú tiwọn.)

Èyí tó kan èmi gan-an, Computer Village, ní Ìkẹjà, ló ti ṣẹlẹ̀. Mo lọ ra Tòkunbọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n gbé wálé ló ń jẹ́ orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀. Kí a tó mọ̀, mọ́tò ti gbà á, fíríìjì gbà á, fóònù náà ti wá ń jẹ́ ẹ. Èyí tí mo rà, iPhone 14, ojú ẹ̀ ń dán gbinrin, owó ẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí ìyẹn ti fu mí lára. Mo yẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wò, mo yẹ ẹ̀gbẹ́ òsì wò.

"Ẹnjiníà, níbo là ń ki síìmù sí?"

"Dádì, eléyìí ò níhò o. Ti Amẹ́ríkà ni. Síìmù ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀ láti ilé-iṣẹ́."

"Èyí tí a ò lè fọwọ́ kàn?"

"Ẹ ò lè rí i, sà. Àmọ́ ó wà níbẹ̀."

"Bí ẹ̀mí?"

"Bí ẹ̀mí gan-an, Dádì."

Mo jókòó. Àṣé ní 2022, Apple ti yọ ojúlé síìmù kúrò lára gbogbo iPhone 14 tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ti ibòmíràn sílẹ̀. Ẹnjiníà rí ojú mi, àánú mi ṣe é. Ó ní, "Bí ẹ bá fẹ́, a lè bá yín lu ihò sí i." Ó nawọ́ sí ọmọ-iṣẹ́ ẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, tó tẹrí ba lábẹ́ iná, tó ń fi ẹ̀rọ kékeré kan gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ fóònù ẹlòmíràn, tí irin ń já bọ́ bí ìyẹ̀fun sórí páálí níwájú ẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé Kalifóníà dí i, ọmọ-iṣẹ́ Ìkẹjà ń lu ú padà. Mo sanwó. Fóònù mi níhò báyìí. Kò sì gbọdọ̀ fojú kan omi títí láé.

Àwọn onígéèmù náà ò kẹ̀rẹ̀. Ilé géèmù kan wà lẹ́yìn ọjà àdúgbò wa: bẹ́ǹṣì méjì, tẹlifíṣàn kan, PlayStation kan tó gbóná bí ààrò, páàdì méjì tí rọ́bà orí ọ̀kan ti ṣí, tó fi jẹ́ pé agbábọ́ọ̀lù yín á máa rìn lọ sápá òsì láìjẹ́ pé ẹ rán an. Bí wọ́n bá ti na yín ní mẹ́ta sódo, ẹ dìde fún ẹni tó kàn. FIFA ni wọ́n ń gbá. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kò sí FIFA mọ́, pé láti 1993 ni ilé-iṣẹ́ EA ti ń fi orúkọ yẹn ta géèmù, pé àdéhùn wọn pẹ̀lú àjọ FIFA tú ká, pé FIFA 23 ló kẹ́yìn, pé láti oṣù Kẹsàn-án 2023, EA Sports FC ló ń jẹ́. Ọmọkùnrin tó di páàdì mú ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, "Bàbá, ṣé owó ẹ̀ ti wálẹ̀ ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "FIFA náà ni."

Ẹ wá wo PlayStation 5 Pro, tó jáde ní oṣù Kọkànlá 2024. Sẹ́ǹtì kan ló kù kí owó ẹ̀ pé 700 dọ́là ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ojúlé síìdì ò sí lára ẹ̀. 80 dọ́là lọ́tọ̀ nìyẹn. Irin tó máa fi nàró, 30 dọ́là lọ́tọ̀. Mo ti rí káfíńtà tó ta àga tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú. Mi ò tíì rí èyí tó ta àga tán tó wá ní ẹsẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Síìdì tí wọ́n ń lé kúrò nílùú yìí, ohun ìní ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yá ọ̀kan lọ́wọ́ mi ní 2009, kò tíì dá a padà dòní. Inú ń bí mi, àmọ́ ó yé mi pé ohun tí wọ́n bá lè yá lọ́wọ́ èèyàn tí wọn ò ní dá padà, tèèyàn ni lóòótọ́.

Nintendo tilẹ̀ ṣe é dé góńgó. Switch 2 wọn jáde ní oṣù Kẹfà 2025. Lára géèmù tí wọ́n ń tà fún un, àwọn kan wà tó jẹ́ pé káàdì inú páálí kò ní géèmù nínú. Kọ́kọ́rọ́ lásán ni. Ẹ ó ki í bọ inú ẹ̀rọ, ẹ ó wá fi dátà ara yín fa géèmù náà wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ́kọ́rọ́ lẹ rà, ilé ṣì wà lọ́dọ̀ onílé, ẹ̀yin lẹ máa lọ rù ú wá.

Wọ́n yọ àwa náà o. Àwọn ọmọ wa ní ilé-iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe eré àwòrán kan, Iwájú, Èkó ọjọ́ iwájú tí ọkọ̀ ti ń fò kọjá lórí gósúlóò. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n tilẹ̀ fi àmì sórí orúkọ ẹ̀. Ní oṣù Kejì 2024, wọ́n gbé e sórí Disney+. Disney+ ò sì sí ní Nàìjíríà nígbà náà. Ẹni tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù jókòó, ó ń wo Èkó. Ẹni tó wà ní Ọbáléndé ń gbọ́ ìròyìn ẹ̀.

Síbẹ̀, Ubisoft ló gba ife ẹ̀yẹ. Ní 2014, wọ́n ta The Crew, géèmù ọkọ̀ tí èèyàn fi ń sáré káàkiri Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn sanwó, wọ́n gbé síìdì relé. Nígbà tí oṣù Kẹta 2024 parí, ilé-iṣẹ́ náà pa kọ̀ǹpútà tó ń gbé géèmù náà ró lọ́nà jíjìn. Síìdì wà lọ́wọ́, páálí wà lórí tábìlì, ọkọ̀ ò lọ mọ́, kódà fún ẹni tó fẹ́ dá wà á jẹ́jẹ́ láìbá ẹnì kankan sáré. Láti 2025, òfin kan wà ní Kalifóníà tó ní kí àwọn tó ń ta irú ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ kó yé oníbàárà pé àṣẹ ìlò ló ń rà, kì í ṣe géèmù fúnra ẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n ti kó mọ́ínmọ́ín jáde tán, ẹlẹ́mìí méjèèje, wọ́n gbé ewé lé yín lọ́wọ́. Òfin sì wá ní kí wọ́n kọ "ewé nìkan" sí i lára.

Mo gbọ́ pé bátìrì ń padà bọ̀. Àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ti ṣòfin pé láti oṣù Kejì 2027, bátìrì irú àwọn ẹ̀rọ báyìí gbọ́dọ̀ ṣeé yọ fún ẹni tó ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún àwọn kan láti gbà yọ. Mo ti ń rí ọjọ́ náà. Ọ̀gá kan á dúró lórí pèpéle, á gbé fóònù sókè, á fi èékánná àtàǹpàkò ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á dìde, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Á pè é ní ìgboyà.

Kó tó dìgbà náà, mo ti gbé Nokia 3310 mi jáde nínú àpótí. Bátìrì ẹ̀ ṣì ń yọ. Ejò inú ẹ̀, ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kú. Ṣájà ẹ̀ ni mi ò rí. Ẹni tó bá ní ti Nokia àtijọ́ nílé, èyí tí ẹnu ẹ̀ tóbi, kì í ṣe ẹlẹ́nu tín-ín-rín, kó jọ̀wọ́ fi sílẹ̀ fún mi lọ́dọ̀ ìyá onímọ́ínmọ́ín. Ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín o. Mo ṣì jẹ wọ́n lówó.