Ẹ̀gbọ́n, Ilẹ̀ Yín Ló Ń Fò Sókè
Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹlẹ́rọ kan ní Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ǹ bá lẹ ìwé yìí pa kí n tó fi ránṣẹ́, àmọ́ gbangba lẹ ti bú iléeṣẹ́ oníná nítorí pátákó góòlù yín, gbangba lẹ ti bú wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ tiẹ̀ bú ọyẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Gbangba náà ló yẹ kí n ti dá gbogbo wọn láre.

Pátákó góòlù yín rẹwà, mi ò ní purọ́. Bọ́ọ̀lù á wọlé, gbogbo iná orí rẹ̀ á kọ mànà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọdé á hó yèè. Àbùkù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n á gbá góòlù kan wọlé, pátákó á kọ méjì. Rẹfirí ní ọ̀kan ni, ẹ̀rọ ní méjì ni, ẹ̀yin sì gbè sẹ́yìn ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n, ta ní ń bá rẹfirí jà nítorí áísì (IC) inú pátákó?

Ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé máàsì yín, ìyẹn ilẹ̀ iná, dára, pé ẹ fi tẹ́sítà wò ó, òdo ló kọ. Mo gbà. Ìlú tí òkè olókùúta yí ká bíi Ṣábẹ̀ẹ́, ta ni yóò sọ fún ọmọ ibẹ̀ pé ilẹ̀ máa ń mì? Ṣùgbọ́n ilẹ̀ inú áísì yàtọ̀ sí ilẹ̀ orí bọ́ọ̀dù, ti orí bọ́ọ̀dù náà sì yàtọ̀ sí ti ẹnu bátìrì. Ẹsẹ̀ irin tín-ín-rín ló so ti inú mọ́ ti orí bọ́ọ̀dù, wáyà ló so ìyẹn mọ́ bátìrì. Irin yòówù tí iná bá ń gbà kọjá, bó ti wù kó kúrú tó, kì í fẹ́ kí iye tó ń gba inú òun kọjá yí padà lójijì. Ẹ wo ọkọ̀ àjàgbé tó kó ìrèké lọ sí iléeṣẹ́ ṣúgà yín níbẹ̀: kò sẹ́ni tó lè ní kó dédé ta mọ́ eré, kò sẹ́ni tó lè ní kó dédé dúró. Ẹni tó bá fi ipá ṣe é, ẹrù á dà. Fólítì ni ẹrù tó ń dà nínú áísì yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìṣirò tó bá dọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ń gbé iná pátákó náà. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan da mílíáḿpù 25 sí ilẹ̀ láàrin nanosecond 2, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200. Ẹsẹ̀ ilẹ̀ áísì onẹ́sẹ̀ ogún, èyí tó wà ní igun, lè ní nanohenry 10, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń kọ àyípadà òjijì. Fólítì 1 gbáko ló máa yọrí sí! Ní ìwọ̀nba àsìkò yẹn, ilẹ̀ inú áísì ti ga ju ilẹ̀ ìta lọ, ẹsẹ̀ tó sì yẹ kó máa wí pé òdo ni òun, á bá a gòkè. Áísì LS tó ń ka góòlù, fólítì 0.8 ni òpin ohun tí wọ́n ṣèlérí pé yóò kà sí òdo. Tí ó bá rí 1, ó lè gbà pé bọ́ọ̀lù tún ti wọlé. Góòlù kejì yín nìyẹn.

Ẹsẹ̀ áísì nìkan la ṣírò o. Wáyà ilẹ̀ yín gùn tó apá ọkùnrin, mílímítà kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó nanohenry kan. Ẹ má ṣírò ìyẹn, kí orí má baà fọ́ yín.

Tẹ́sítà yín ńkọ́? Nínú nanosecond kan, ìmọ́lẹ̀ gan-an kò lè rìn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Tẹ́sítà ọwọ́ yín, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń yẹ nǹkan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ló fẹ́ rí?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé pátákó yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Áísì 74LS374 àtijọ́ ló ń gbé iná rẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọjà Tọ̀kpá níbí, lẹ ra 74AC374, torí wọ́n ní ó yára jù ú lọ. Bọ́ọ̀lù oníṣẹ́jú 90! Kí lẹ fẹ́ fi ìyára nanosecond ṣe níbẹ̀?

Ẹ má banú jẹ́ ṣá, ó ti dé bá àwọn tó jù yín lọ. Láti àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ nínú ìdílé áísì 7400 ló ní ilẹ̀ ní igun kan, tí agbára sì wà ní igun kejì: ẹsẹ̀ 7 àti 14, tàbí 10 àti 20. Igun sì ni irin inú áísì ti ń gùn jù. Nígbà tí àwọn áísì ayára-bí-àṣá dé láàrin àwọn ọdún 1980, Texas Instruments ṣe irú tiwọn tí wọ́n gbé ilẹ̀ àti agbára wá sí àárín, níbi tí irin ti kúrú. Àmọ́ kò bá ihò àtijọ́ mu, igun náà sì ni ọ̀pọ̀ ṣì wà títí dòní.

Ohun tó lè gbà yín kò wọ́n. Ẹ dá 74LS374 yẹn padà. Bí ìgbéraga ò bá gbà fún yín, ẹ pín iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí áísì méjì, kí ọ̀kan tàn tẹ̀ lé èkejì. Ojú èèyàn ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ gé wáyà ilẹ̀ kúrú. Kapásítọ̀ 1000 microfarad tẹ́ ẹ fi sẹ́nu bátìrì jìnnà jù: kó tó gbọ́ ìròyìn, góòlù ti di méjì. Kékeré ni kẹ́ ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ áísì kọ̀ọ̀kan, 100 nanofarad, pẹ́kípẹ́kí. Kò lè wo ẹsẹ̀ inú áísì sàn, àmọ́ yóò gbà yín lọ́wọ́ ti orí bọ́ọ̀dù.

Mo ti fi kapásítọ̀ kékeré mẹ́wàá rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́la. Ẹ gé ẹsẹ̀ wọn kúrú kẹ́ ẹ tó fi léèdì jó wọn mọ́ bọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ yín, ẹ ó fẹ́ dá ẹsẹ̀ gígùn sí, bóyá ẹ ó tún wọn lò lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ gé e o.

Èmi àbúrò yín,
Kútọnu