Oríkì Ìgbìmọ̀ Ajókòó-Gbowó

Nígbàkígbà tí gàárì bá gbówó lórí, tí owó ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó oṣù tán kí oṣù tó dé ìdajì, tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá fi igbe ta, èsì kan ṣoṣo ni ìjọba máa ń fún wọn: ‘Ẹ ní sùúrù, a ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀.’ Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé láti ayé àwọn òyìnbó ni a ti ń fi ìgbìmọ̀ dá wa lóhùn, ó yẹ kí ẹnìkan kí i ní mẹ́sàn-án, kí ó kí i ní mẹ́wàá.

Ìgbìmọ̀, mo kí ọ! Ajókòó-gbowó, ọmọ Abẹ̀rẹ̀-mọ́-tábìlì. Ajókòó-gbowó tí í sàba lé ọ̀rọ̀ bí adìẹ ti í sàba lé ẹyin. Kì í pamọ, ṣùgbọ́n kí ó tó dìde, ebi á ti pa ọlọ́mọ. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé dúró kò lè rí i. Ìwọ ni àgbà náà, nítorí owó ni ìwọ fi ìjókòó rí, èyí tí òṣìṣẹ́ tí ó dúró ti ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò rí. Àwọn olùkọ́ yunifásítì tilẹ̀ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ rẹ ní 2022: oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi yanṣẹ́ lódì, tí wọ́n jókòó sílé, ni ìjọba bá ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó. Ìjókòó ju ìjókòó lọ o, Ajókòó-gbowó! Tìrẹ lówó nínú, tiwọn lébi nínú.

Ìdílé rẹ kì í ṣe kékeré. Ọ̀wọ́n-gógó ìgbà ogun Hitler àti ìyanṣẹ́lódì 1945 ni ó bí Ìgbìmọ̀ Tudor Davies lórí owó òṣìṣẹ́. Ìgbìmọ̀ Morgan dé ní 1963, ti Adébọ̀ tẹ̀ lé e, ti Udoji náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ènìyàn 37 ni ìjọba pe jọ láti ka owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ẹnìkan yóò gbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ná. Adájọ́ Morgan ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ìwé àbọ̀ fún ìjọba ní oṣù kẹrin 1964. Ìjọba ni ó jókòó lé ìwé náà, títí àwọn òṣìṣẹ́ fi da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 13 ní oṣù kẹfà. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹfà 2024, 60,000 náírà ni ìjọba ṣì dì mú fún owó oṣù tí ó kéré jù lọ, títí àwọn ẹgbẹ́ fi tún ti ibi iṣẹ́ pa. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni a fọwọ́ sí 70,000. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́; ẹni tí ó bá ní kí ẹni tí ebi ń pa máa dúró de ìwé, ìkà ni.

Ajókòó-gbowó, má bínú, mo padà sídìí oríkì rẹ. Àga kò ní yẹ̀ mọ́ ọ nídìí, omi inú ìgò kò ní tán níwájú rẹ. Kí owó ìjókòó rẹ máa jẹ́ 70,000 náírà lóṣù, kí ó sì máa pẹ́ kí ó tó dé. Lọ́jọ́ tí o bá béèrè rẹ̀, kí ìjọba dá ọ lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ìgbìmọ̀ kan ti wà lórí ọ̀rọ̀ náà.