Ilé Bílíọ̀nù Dọ́là, Gbèsè Owó Bodè

Láti May 2024 tí TfL, àjọ ìrìnnà ìlú London, ti to orúkọ àwọn ẹ́ńbásì tó jẹ gbèsè síta ni inú ti ń bí mi, kò sì tíì rọ̀. Ẹ̀yin náà kà á. Amẹ́ríkà ló ṣíwájú: mílíọ̀nù 14.6 pọ́n-ùn. Gbèsè kí ni? Owó súnkẹrẹ-fàkẹrẹ! Owó bodè tó bẹ̀rẹ̀ ní 5 pọ́n-ùn lọ́dún 2003, tó ti di 15 lójúmọ́ nígbà yẹn, tí àbúrò yín ní Peckham kò gbọdọ̀ gbàgbé láti san bó bá gbé mọ́tò wọ àárín ìlú.

Amẹ́ríkà ní owó orí ni, pé àdéhùn Vienna ti 1961 ní aṣojú ìjọba kan kì í san owó orí fún ìjọba kejì. TfL ní irọ́ ni, owó iṣẹ́ tí àwọn ṣe ni. Ní 2006, Ken Livingstone tó jẹ́ méyọ̀ nígbà náà bú aṣojú Amẹ́ríkà, Robert Tuttle, ní gbangba. Iṣẹ́ wo ni Tuttle ń ṣe kó tó di aṣojú? Mọ́tò ló ń tà ní California! Ẹni tó ń fi mọ́tò jẹun ni kò fẹ́ san owó ọ̀nà.

Ẹ wá wo ilé onígbèsè. Èyí tí Eero Saarinen ya àwòrán rẹ̀ ní Grosvenor Square, tí wọ́n ṣí ní 1960, tí ẹyẹ idì aláwọ̀ wúrà na ìyẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n ní ààbò ibẹ̀ kò tó. Wọ́n tà á fún àwọn ará Qatar, wọ́n kó lọ sí Nine Elms ní 2018. Gíláàsì lókè nílẹ̀, bílíọ̀nù kan dọ́là, adágún omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi yàrà tí Bílíkísù Sùǹgbọ́ wà. Trump ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó di ẹ̀bi ru Obama. Bẹ́ẹ̀, ayé Bush ni wọ́n ti kéde rẹ̀, ní 2008. Nine Elms kò sì sí nínú bodè yẹn rárá. Ilé jáde, mọ́tò kọ̀, kò jáde.

Ṣùgbọ́n 185 dọ́là tí ọmọ wa ń san l'Ékòó kó tó fojú kan ẹni tó ń fúnni ní fíísà Amẹ́ríkà ńkọ́? Bí wọ́n bá ní rárá, owó ti lọ nìyẹn, kò sí àdéhùn Vienna kankan tó lè gbà á padà. Ìrẹ́jẹ ni! Ẹ san gbèsè yín!

Mo ṣì ń bú wọn lọ ni mo rí Nàìjíríà nínú orúkọ tí TfL tò síta: ó lé ní mílíọ̀nù 8 pọ́n-ùn. Tógò jẹ 40 pọ́n-ùn péré, ẹ jẹ́ ká dá a fún wọn. Tiwa ló yà mí lẹ́nu. September 2023 ni Ààrẹ Tinubu pe àwọn aṣojú wa káàkiri ayé wálé, ó sì lé lọ́dún méjì kí orúkọ àwọn tuntun tó dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀. Ta ló wá ń jókòó sẹ́yìn mọ́tò ní gbogbo ìgbà yẹn?