Ta Ni Yóò Ru Igbá Náà Délé?

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn baba wa tó pa òwe yìí rò pé ẹni tó jẹun náà ló máa ń rugbá. Wọn ò bá wa dé ayé òní, ìbáà jẹ́ l'Àjàṣẹ́, ìbáà jẹ́ l'Akpro-Missérété nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣọ́ aboyún. Kò gbọdọ̀ rìn lọ́sàn-án gangan. Bí yóò bá rìn, kó fi abẹ́rẹ́ há aṣọ. Kò gbọdọ̀ jẹ ìgbín, kí ọmọ má baà máa da itọ́. Ìyá ọkọ tó gba ìgbín lọ́wọ́ rẹ̀ yìí náà ló ń bu sódábì, ọtí líle, tí wọ́n fi rẹ egbò igi fún un, pé kí inú lè mọ́. Ọkọ ra bíà dúdú, ó ní ẹ̀jẹ̀ ló ń fúnni. Bí obìnrin bá kọ̀, wọ́n á ní ó ń ṣe bí òyìnbó.

Òyìnbó ọ̀hún náà ló fojú rí ohun tí ọtí ń ṣe fún ọmọ inú oyún. Lọ́dún 1968, ní Nantes nílẹ̀ Faransé, dókítà Paul Lemoine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ọmọ 127 tí òbí wọn jẹ́ ọ̀mùtí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dàgbà bó ṣe yẹ, ojú wọn sì jọra. Ẹní bíni là á jọ. Àwọn wọ̀nyí jọ ìgò. Ó di 1973 kí àwọn dókítà Seattle ní Amẹ́ríkà tó tún un sọ, kí ayé tó gbọ́.

Ohun tí ìyá bá mu, ibi ọmọ ló ń gbà dé ara ọmọ. Ẹ̀dọ̀ ìyá mọ bó ṣe ń pa ọtí. Ẹ̀dọ̀ ọmọ kò tíì mọ iṣẹ́ náà. Ọtí á ti dá lójú ìyá, ọmọ á ṣì máa mu nínú omi tó yí i ká. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n tí kò léwu. Sódábì ẹ̀yìnkùlé ńkọ́, ta ló tilẹ̀ ń wọn agbára rẹ̀? Ọpọlọ tí ọtí bá bà jẹ́ nínú oyún, kò sí oògùn tó ń tún un ṣe. Igbá ti gun orí ọmọ kí ọrùn rẹ̀ tó le.

Tí ọmọ náà bá dé iléèwé, ohun tí tíṣà kọ́ ọ lánàá ti fò lọ. Tíṣà pè é lólódo. Bàbá nà án. Ìyá bàbá ní ojú lásán kọ́, ẹnìkan ló fọwọ́ kan orí ọmọ yìí. Wọ́n gbéra, ó di ilé aláwo. Awo ní kí wọ́n lọ mú ẹyẹlé méjì wá, obì, àti ìgò sódábì kan.